Mọ́tò ilé ti sú wa: wágọ̀n àlòkù wo ló lè ru ìdílé àti ọjà láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Bàbá Ìdòwú, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó.

Sáálúùnù onígíà ọtomátíìkì la ń lò nílé. Bí a bá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Lágéré, ooru rẹ̀ á gòkè. Bí a bá ti bọ́ sójú ọ̀nà Oǹdó tí a ń sá 80, á tún wálẹ̀. Omi rédíétọ̀ ń dín tó lítà kan lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tó ti ń kán sílẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, téèyàn bá fi gíà sí D, ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 4 kó tó gbá a mú. Tó bá fẹ́ kúrò ní 2 bọ́ sí 3, ẹ́ńjìnnì á kàn máa pariwo, mọ́tò ò ní sáré. Wọ́n ti yọ thermostat rẹ̀, ìyẹn ìdérí kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, wọ́n sì ti so fáànù ní dáréẹ̀tì kó lè máa yí nígbà gbogbo. Àtìgbà náà ló ti ń mu epo kọjá bó ṣe yẹ.

Èèyàn 5 ni wá nílé. Ilé-ìwé àwọn ọmọ àti ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ là ń lọ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ ọjà, ìyàwó mi máa ń kó àpò ẹrù 4, 50 kg ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa ń gba Iléṣà kọjá lọ sí Àkúrẹ́. Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi wà lórí wágọ̀n. Mílíọ̀nù 6 náírà ló wà nílẹ̀, owó ìwé àti àtúnṣe àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀.

Ṣé kí n tún èyí ṣe ni, àbí kí n yọwọ́ nínú ẹ̀? Bí mo bá máa rà, èwo ni kí n rà? Ẹnì kan tún ń fi èyí tó gba Kútọnu wọlé lọ̀ mí, ó ní owó rẹ̀ rọjú.

Mẹkáníìkì Lágéré

Bàbá Ìdòwú, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àrùn tó ń ṣe tilé, torí bí ẹ bá tiẹ̀ máa tà á, ẹ ní láti mọ ohun tí ẹ máa sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Mọ́tò tó ń gbóná nínú sún-kẹrẹ tó sì ń tutù lórí eré, afẹ́fẹ́ ni kò tó o. Ó lè jẹ́ pé fáànù ò yí dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti dí àárín kọ́ńdẹ́ńsà AC àti rédíétọ̀. Ká ní orí eré ló ti ń gbóná ni, inú rédíétọ̀ ni mi ò bá ní kí ẹ wò, tàbí pọ́ǹpù omi. Ìyẹn nìkan ò tó ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ ta mọ́tò. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni omi tó ń dín láìkán sílẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan mọ́tò, nígbà tó ṣì tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, kí ẹnì kan tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ máa wo ojú omi náà. Afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù máa ń yọ díẹ̀, á sì dáwọ́ dúró. Bí ó bá ń hó pùtù pùtù láìdáwọ́ dúró, atẹ́gùn inú sìlíńdà ló ń gba tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, wọ inú omi. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìdérí sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ tan án, kí ẹ di rọ́bà òkè rédíétọ̀ mú. Tó bá le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú kan péré, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Omi tí ẹ ń wá, inú sìlíńdà ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń di èéfín funfun. Oògùn aláwọ̀ búlúù kan wà tí a fi ń yẹ ẹnu rédíétọ̀ wò. Bí atẹ́gùn iná bá kàn án, á di yẹ́lò.

Ẹni tó yọ thermostat kò tọ́jú àrùn, ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Thermostat Toyota, fún àpẹẹrẹ, ń ṣí láàárín 80 sí 84°C. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ lórí eré, kọ̀ǹpútà á máa rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ ni, á máa fi epo kún epo. Ibẹ̀ ni epo yín ń lọ.

Ní ti gíà, ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ATF, ìyẹn ọ́ìlì gíà, yọ, ẹ kán an sórí bébà funfun. Pupa tó mọ́ dára. Tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti pẹ́ ni. Èyí tó dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, àwo inú gíà ló ti jẹ tán, ọ́ìlì tuntun ò lè jí i. Àmì tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, èyí tó gbẹ̀yìn ni mo rò pé ẹ máa rí.

Bó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan, màá ní kí ẹ tún un ṣe: kí wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí wọ́n má kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì dè é padà. Àmọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú gíà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ yọwọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rà ni Toyota Matrix ọdún 2003 sí 2008, ẹ́ńjìnnì 1.8 tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE. Kò gùn tó wágọ̀n àtijọ́, àmọ́ àga ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ́ pẹrẹsẹ, àga èrò iwájú náà ń tẹ́, gíláàsì ẹ̀yìn sì máa ń dá ṣí láìjẹ́ pé ẹ ṣí ilẹ̀kùn búùtù. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú Corolla tó kún ìgboro. Ṣéènì ló ń yí orí rẹ̀, kò sí bẹ́líìtì tó máa já mọ́ yín lọ́wọ́ lóko. Pontiac Vibe ọmọ ìyá rẹ̀ ni: ẹ́ńjìnnì kan náà, gíà kan náà, ara nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún Vibe nítorí orúkọ lásán. Ẹ má bá wọn sá. Èyí tí ẹ máa sá fún ni ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní XRS, torí ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀ ló wà nínú ẹ̀, àti èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ́ mọ́tò, torí páàtì ẹ̀yìn rẹ̀ ò sí.

Ìyá Onípáàtì, Iléṣà

Bàbá Ìdòwú, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òótọ́ ni Ọ̀gá Mẹkáníìkì sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ páàtì kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ọkàn yín tó fà sí wágọ̀n kankan.

Ẹ̀yìn wágọ̀n ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti bọ́ńpà iwájú dé ilẹ̀kùn awakọ̀, òun àti sáálúùnù sábà máa ń lo páàtì kan náà, torí náà rédíétọ̀, iná iwájú àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kì í wọ́n. Ibi tí wọ́n ti yà ni ẹ̀yìn: iná ẹ̀yìn, gíláàsì ńlá, ilẹ̀kùn búùtù, ọ̀pá gáàsì méjì tó ń gbé e dúró, sípíríǹgì àti sọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Ẹ kọ nǹkan mẹ́fà yìí sínú bébà, ẹ fi béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta, kódà kí ẹ ránṣẹ́ sí Aráròmí ní Gate, Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó. Bí gbogbo wọn bá ní àfi kí àwọn lọ wá a, mọ́tò yẹn máa dúró sí páńẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fi ọ̀kadà gbá a lẹ́yìn.

Yàtọ̀ sí Matrix, ẹ máa rí Corolla wágọ̀n ọmọ Yúróòpù, 2002 sí 2007. Èyí tó jẹ́ 1.4 àti 1.6 epo bẹntiróòlù dára, oníṣéènì ni, ìdílé ZZ kan náà ni. Máńúà ló pọ̀ jù nínú wọn, kò sì burú; kílọ́ọ̀ṣì (clutch) rẹ̀ ò wọ́n bíi gíà ọtomátíìkì. Avensis wágọ̀n 2003 sí 2008 fẹ̀ ju méjèèjì lọ, búùtù rẹ̀ gba ẹrù gan-an, ẹ́ńjìnnì 1.8 rẹ̀ sì jẹ́ 1ZZ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún 2.0 tí wọ́n kọ D-4 sí lára: inú sìlíńdà gan-an ló ń fín epo sí, pẹ̀lú agbára tó ga, kò sì fara mọ́ epo tó bá dọ̀tí. Pọ́ńpù epo àti nọ́sù rẹ̀ wọ́n, èédú sì máa ń dì sí ẹnu fáàfù rẹ̀. Àmì D-4 yìí, ẹ máa rí i lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì.

Volvo V70 àti wágọ̀n Mercedes W124 lágbára, mi ò ní bú wọn. Àmọ́ W124 ní ọ́ìlì tó ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró dọ́gba, ọ̀pọ̀ V70 náà sì ní sọ́ọ̀kì àkànṣe tó ń gbé ara ẹ̀ sókè. Tó bá bàjẹ́, ẹ̀yìn á jókòó sílẹ̀ bí adìyẹ tó sàba, owó sọ́ọ̀kì kan á sì dà bí owó mẹ́rin. Peugeot 504 tí gbogbo wa fi dàgbà, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, sípíríǹgì mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹ̀yìn wágọ̀n rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ru ẹrù tó bẹ́ẹ̀. Àkókò rẹ̀ ti kọjá fún ìdílé tó fẹ́ lọ sílé-ìwé láago méje àárọ̀.

Ọmọ Ọbòkun

Ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ gáfárà. Èèyàn 5 àti àpò 4, kí ló dé tí ẹ kò sọ Sienna? Àyè rẹ̀ ju ti Matrix lọ fíìfíì, páàtì rẹ̀ sì wà káàkiri. Ní òkè Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, 1.8 tó ru ẹrù á máa mí hẹlẹ ni.

Mẹkáníìkì Lágéré

Àbúrò, ẹ ò ṣìnà. Bàbá Ìdòwú, ẹ dáhùn èyí ná: ṣé ọjọ́ kan náà ni èèyàn 5 àti àpò 4 máa ń wà nínú mọ́tò?

Ìdí tí mo fi bi yín ni pé ìwọ̀n tí Matrix lè rù, èèyàn àti ẹrù pọ̀, kò ju nǹkan bíi 385 kg lọ. Ẹ máa rí i lára ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Àpò 4 jẹ́ 200 kg. Àgbàlagbà 2 lè tó 150. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 350, ó gbà á. Tí ẹ bá tún kó ọmọ 3 sí i, ó ti kọjá, ibi tí ẹ sì ti máa mọ̀ ni táyà ẹ̀yìn tó ń ha ara, sọ́ọ̀kì tó ń yọ ọ́ìlì, àti bíréèkì tí kì í tètè dúró. Ẹ ká àga ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ẹ to àpò sún mọ́ ẹ̀yìn àga iwájú. Ẹ má to gbogbo rẹ̀ sí ẹnu búùtù.

Sienna dára, àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Ti 1998 sí 2003 jẹ́ 3.0, ti 2004 sí 2006 jẹ́ 3.3. Bẹ́líìtì ló ń yí orí ẹ́ńjìnnì méjèèjì, wọ́n sì ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 90,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bíi 144,000 km. Kò sí ẹni tó lè sọ fún yín ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ti tòkunbọ̀ kẹ́yìn, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá rà á lẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú pọ́ǹpù omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Pílọ́ọ̀gì 6 ló ní, mẹ́ta wà lẹ́yìn, ọwọ́ ò sì dé ibẹ̀ bọ̀rọ̀. Ti 3.0 ọdún wọ̀nyẹn tún máa ń di ẹrẹ̀ ọ́ìlì sínú tí wọn ò bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Epo tó sì máa mu nínú sún-kẹrẹ Lágéré lójoojúmọ́, ẹ fi ti ẹ́ńjìnnì sìlíńdà 4 wé e. Ẹni tí èèyàn 7 wà nílé rẹ̀, mi ò ní bá a jiyàn lórí Sienna.

Bàbá Ìdòwú, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Rárá o, èmi àti ìyàwó mi nìkan là ń lọ lọ́jọ́ ọjà. Mo ti yẹ ẹnu rédíétọ̀ wò láàárọ̀ yìí: ó ń hó láìdáwọ́ dúró. ATF dúdú, ó sì ń rùn. Mo ti yọwọ́.

Mo ti rí Matrix méjì: 2004 tòkunbọ̀, àti 2006 tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà. Ẹni tó ni 2004 ní kò tíì sí ọ̀dà kankan lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ti iléeṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ wọ́n wò?

Rewáyà Ìsọ̀kùn, Iléṣà

Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá Ìdòwú. Tèmi ò pọ̀, iná ni.

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná ẹ́ńjìnnì, ABS àti airbag gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí mọ́tò bá tan. Èyí tí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí wọ́n ti pa wáyà rẹ̀ kí ẹ má bàa rí àrùn.

Ẹ mú ẹni tó ní skánà lọ. Ihò tí wọ́n ń ki skánà sí máa wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ òsì. Kì í ṣe kóòdù nìkan ni kó wò; kó wo ibi tí wọ́n ń pè ní readiness, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń sọ bóyá ó ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá wà ní «kò tíì ṣe tán», ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni. Kó wo ooru omi nígbà tí mọ́tò ń rìn: tí kò bá kọjá 70°C lẹ́yìn 15 ìṣẹ́jú lórí eré, thermostat ò sí nínú rẹ̀, bíi ti ilé yín, tàbí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kó wo long-term fuel trim, ìyẹn iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò: láàárín -10% àti +10% ló yẹ kó wà. Tó bá kọjá lọ sí +20, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan tàbí epo ò tó. Tó bá rẹlẹ̀ gan-an, epo ti pọ̀ jù. Bátìrì, 12.6 V nígbà tó wà ní pípa; tí ẹ bá tan AC àti iná ńlá, 13.8 sí 14.4 ló yẹ kó máa fi hàn.

Nípa 2006 yẹn: lọ́dún 2010, Toyota ní kí wọ́n dá Corolla àti Matrix ọdún 2005 sí 2008 padà, ó ju mílíọ̀nù kan lọ, nítorí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì wọn lè mú kí mọ́tò má tan, kó máa gbá gíà, tàbí kó kú lórí ìrìn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ti èyí. Tó bá ń kú, tó sì tún ń tan padà fúnra rẹ̀ láìsí ìdí, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa wò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò lára mọ́tò tó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni rọ́bà dúdú tó so òkè ilẹ̀kùn búùtù mọ́ òrùlé. Wáyà iná bíréèkì òkè, wáípà àti iná nọ́ńbà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí a ṣe ń ṣí i tí a ń pa á, wáyà ń gbó, á sì já. Ẹ ti rọ́bà yẹn sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wò ó: bí ẹ bá rí téèpù dúdú tí wọ́n wé mọ́ wáyà nínú rẹ̀, ẹnì kan ti ń pa àrùn ibẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ tan wáípà ẹ̀yìn, kí ẹ ṣí búùtù, kí ẹ rọra mì ín. Tí wáípà bá dúró, ẹ ti rí i.

Mẹkáníìkì Lágéré

Rewáyà, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ rọ́bà yẹn wúlò. Bàbá Ìdòwú, tèmi rèé.

Tutù ni kí mọ́tò wà nígbà tí ẹ bá dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá ti mú un gbóná dè yín, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ yí inú rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀: dúdú tàbí búráùn tó mọ́ ni a ń fẹ́, ohun tó dà bí ògì tó ṣù jẹ́ omi tó ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ fi ìka nu inú ẹnu rédíétọ̀: ìpẹtà pupa túmọ̀ sí pé omi lásán ni wọ́n ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tó ní epo lórí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá tan án. Èéfín funfun tó pòórá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kò níbi, ìrì ni. Èyí tó ń tẹ̀síwájú jẹ́ omi. Dúdú jẹ́ epo tó pọ̀ jù, búlúù jẹ́ ọ́ìlì. Ariwo ṣéènì fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kò burú. Tó bá ń dún bí ìgbà tí wọ́n gbọn owó ẹyọ sínú agolo, tí kò dáwọ́ dúró, ṣéènì tàbí ohun tó ń fà á ti gbó.

Ọ̀rọ̀ 2004 ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. 1ZZ tó ṣáájú 2005 ní àrùn jíjẹ ọ́ìlì: ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì kéré, èédú máa ń dí i, ríìǹgì á lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó wà. Kò ní yọ èéfín nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ wà á. Ẹ gbé e láti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, nǹkan bíi 30 km, pẹ̀lú AC. Ẹ jẹ́ kó gun òkè, kí ẹ wo bó ṣe ń pààrọ̀ gíà: D gbọ́dọ̀ gbá a mú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, kó má gbá yín lẹ́yìn, kó má sì sá lásán. Tí ẹ bá padà dé, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá tẹ ẹ́ dé 3,000. Bí ìkùukùu búlúù bá yọ, ríìǹgì ti lẹ̀. Ẹ tún ti ìka bọ inú ọ̀pá èéfín lẹ́yìn tó bá tutù: iyẹ̀fun gbígbẹ dára; ọ̀rá dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìka jẹ́ ọ́ìlì. Mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n kọ́mpírésọ̀n lè parí àríyànjiyàn: kí sìlíńdà kankan má rẹlẹ̀ ju 145 psi, kí ìyàtọ̀ àárín wọn má sì ju 15 lọ.

Ara mọ́tò: awọ fẹ́lẹ́ ló bo inú. «Ọ̀dà iléeṣẹ́» yẹn, ẹ wò ó lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù, nínú ihò táyà sípéà. Iyanrìn tàbí ipẹtà níbẹ̀ jẹ́ àmì pé omi ti bò ó rí, tàbí pé wọ́n ti tún ẹ̀yìn rẹ̀ kàn. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn jáde títí tí kò fi ní lè jáde mọ́. Ibi tó máa ń wà nínú ìká ni ilà ẹrẹ̀ máa ń kù sí, kò sí ẹni tó ń rántí fọ ibẹ̀. Àga àti dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń fọ̀.

Táyà: nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni kí ẹ wò. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bí ó tiẹ̀ nípọn, táyà tó ti pẹ́ lè bẹ́ lórí eré, pàápàá tí ẹ bá ru àpò 4.

Akọ̀wé Ìwé Mọ́tò, Iléṣà

Ẹ má rà mọ́tò Kútọnu yẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ojú omi nìkan ló kù. Èyí tó bá gba inú igbó wọlé, kò lè ní ojúlówó ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ yín kódà nínú ìgboro. Owó tó rọjú yẹn, owó orí tí wọn ò san ni.

Nọ́ńbà ṣásí jẹ́ 17, kì í sì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q. Ẹ wò ó ní igun òsì gíláàsì iwájú àti lára ìwé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ fi wé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ti Matrix ọmọ Kánádà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, ti Vibe pẹ̀lú 5Y2. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ni ọdún: 4 jẹ́ 2004, 6 jẹ́ 2006. Ẹni tó bá ń ta 2003 ní orúkọ 2006, ibẹ̀ ni ẹ ti máa mú un.

Fún 2006 tí wọ́n ti lò níbí, ẹ gba ìwé ìjẹ́ni-tó-ni-mọ́tò ní orúkọ ẹni tó ń tà á, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, àti àdéhùn tí ẹ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà ṣásí àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ aago sí i, torí ohunkóhun tí wọ́n bá ti fi mọ́tò náà ṣe ṣáájú aago yẹn kò kàn yín. Kí ẹ sì yí orúkọ padà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ òwò àwìn láti ayé Òṣómàáló, àmọ́ tí ẹ bá máa san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa san ìyókù àti ẹni tí ìwé máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dìgbà náà.

Bàbá Ìdòwú, Ilé-Ifẹ̀

Ọlọ́run á bù kún yín. Ọkàn mi ti kúrò lórí ti Kútọnu. Ọ̀gá, tí mo bá rà á, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe sí i? Iye wo ni kí n dá sí?

Mẹkáníìkì Lágéré

Ẹ dá ìdámẹ́wàá owó yín sí, ó kéré tán. Mílíọ̀nù 6 yẹn, ẹ má jẹ́ kí owó mọ́tò fúnra rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù 5 àti díẹ̀.

Ọ́ìlì 5W-30 lítà 3.7, pẹ̀lú fílítà tuntun. ATF Toyota Type T-IV: ẹ da èyí tó bá jáde nù, nǹkan bíi lítà 3, ẹ fi 3 tuntun sí i, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ gíà tó ti dàgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi coolant sí rédíétọ̀, ìdajì coolant ìdajì omi mímọ́, gbogbo rẹ̀ á tó lítà 6½. Ẹ fi thermostat tuntun sí i, kí ẹ sì rí i pé fáànù ń yí fúnra rẹ̀, kì í ṣe ní dáréẹ̀tì. Pílọ́ọ̀gì 4, àlàfo 1.1 mm.

Ẹ wo ibì kan lára 1ZZ: ohun tó ń fa ṣéènì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí bẹ́líìtì wà, nọ́ọ̀tì 10 mm méjì ló dè é mọ́ ibẹ̀. Rọ́bà O kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń gan, ọ́ìlì á máa ṣàn sórí bẹ́líìtì, àwọn èèyàn á sì máa rò pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ló ń jò. Owó rọ́bà náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá máa yọ ọ́ má ṣe yí ẹ́ńjìnnì nígbà tó wà níta, kí ṣéènì má bàa fo eyín. Kó ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé, kó fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ, kó dè é padà, kó tó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn díẹ̀ kí ìkọ́ náà lè yọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu ọ́ìlì dé ilà òkè, ẹ rin 1,000 km, kí ẹ wò ó. Bí ó bá jẹ lítà kan, ẹ wá bá mi nípa ríìǹgì. Bí kò bá kúrò lójú ilà, ẹ ti rí mọ́tò rà.

Bàbá Ìdòwú, Ilé-Ifẹ̀

Sátidé láago méje àárọ̀ la máa lọ wo 2006. Ẹni tó ní skánà ti gbà láti bá mi lọ.

Mẹkáníìkì Lágéré

Ó dára. Ẹ pe ẹni tó ni ín lálẹ́ Jímọ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má tan án láàárọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, bébà funfun àti aṣọ tí ẹ máa fi nuwọ́ dání.